Ẹ̀wà Nínú Ìkòkò Soul Food: Ìtàn Oúnjẹ Aláìlẹ́ran Láàrin Àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, ọ̀pọ̀ ìdílé adúláwọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà máa ń se ẹ̀wà olójú dúdú, ẹ̀fọ́ collard àti búrẹ́dì àgbàdo, nítorí ìgbàgbọ́ pé oúnjẹ náà ń mú ire wọlé. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi èéfín yan ni ó sábà máa ń fún ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà ní adùn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ọ̀dọ́ kan lè jókòó sídìí tábìlì kí ó sì sọ pé òun kò jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà mọ́. Kíá ni àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà yóò ní ó ti kọ oúnjẹ àwọn baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà yóò fèsì pé ọwọ́ olówó ẹrú ni ẹran yẹn ti wá, pé oúnjẹ àwọn baba ńlá gan-an ni òun padà sí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn kò dá ẹnì kankan nínú wọn láre pátápátá. Irúgbìn ni ó gbé ìkòkò náà ró, ẹ̀wà sì ṣe pàtàkì nínú wọn; ẹran sábà máa ń jẹ́ ohun amóbẹ̀dùn. Síbẹ̀, kò sí ìgbà kan tí ogún yìí wà láìyí padà. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó yan ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Báwo Ni Ẹran Ti Pọ̀ Tó Nínú Ìkòkò Ẹrú?

Frederick Douglass, ẹni tí a bí sínú oko ẹrú ní Maryland, kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1845 pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ́n-ùn 8, tàbí ẹja tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú bọ́ṣẹ́ẹ̀lì ìyẹ̀fun àgbàdo kan, ni àgbà ẹrú ń gbà fún oṣù kan gbáko. Bí a bá pín pọ́n-ùn 8 sí ọjọ́ 30, ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 120 lójúmọ́, fún ẹni tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ oko láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyókù di ọwọ́ ẹni náà. Níbi tí a ti gbà wọ́n láàyè, wọ́n dá ọgbà kékeré, wọ́n gbin ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọ̀dùnkún. Wọ́n pẹja, wọ́n sì dẹ̀gbẹ́. Àwọn àgbà Yorùbá ní ohun tí a ní là ń náání, pé ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ọ̀rọ̀ náà bá ìkòkò wọn mu.

Ní ọdún 1847, Sarah Rutledge tẹ ìwé The Carolina Housewife jáde. Nínú rẹ̀ ni ìlànà sísè Hopping John wà, ìyẹn ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì: páìǹtì ẹ̀wà pupa kan, páìǹtì ìrẹsì kan, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ pọ́n-ùn kan. Ẹni tí ó bá ka èyí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń sè é. Kí òǹkàwé ṣọ́ra. Tábìlì àwọn olówó ẹrú ni ìwé náà ń ṣàpèjúwe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹrú ni ó sábà ń sè é. Nípa ìṣirò Douglass, ẹran inú ìkòkò kan ṣoṣo yìí ju ìpín ọjọ́ mẹ́ta ẹrú kan lọ.

Ẹ̀wà yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tí ń sè é. Ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí èso rẹ̀ ní Ghana, ní ibùgbé àtijọ́ tí ó ti lé ní 3,500 ọdún. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní nǹkan bí gíráàmù 24 purotéènì. Èròjà lysine tí ó ṣọ̀wọ́n nínú àgbàdo àti ìrẹsì pọ̀ nínú ẹ̀wà, ohun tí kò sì tó nínú ẹ̀wà ni ìrẹsì àti àgbàdo ń fi kún un. Nítorí náà, àdàlù àti ẹ̀wà oníresì jẹ́ ọgbọ́n ara, kì í ṣe ti òṣì nìkan.

Ọ̀nà Àkàrà

Ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ Yorùbá má ṣe kánjú gba gbogbo ìyìn yìí fún ara wa. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ìṣubú Ọ̀yọ́ àti àwọn ogun tí ó tẹ̀ lé e, tí ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá di ẹrú, wáyé lẹ́yìn ìgbà náà ní pàtàkì. Bahia àti Cuba ni ọkọ̀ kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn ènìyàn Senegambia, Kóńgò, Àǹgólà, Ìgbò àti àwọn mìíràn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó gbin ẹ̀wà ní Carolina àti Virginia.

Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú bí a ṣe ń dín ẹ̀wà. Ní Bahia, acarajé tí àwọn baiana ń tà ní ìgboro ṣì ń jẹ́ orúkọ àkàrà títí di òní. Wọ́n ń rẹ ẹ̀wà, wọ́n ń bó o, wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní tútù, wọ́n ń pò ó kí wọ́n tó fi epo pupa dín in. Oúnjẹ Ọya ni nínú ẹ̀sìn Candomblé, ìjọba Brazil sì kọ iṣẹ́ àwọn baiana náà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2005. Ní Cuba, bollitos de carita jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé The Virginia Housewife tí Mary Randolph tẹ̀ jáde ní 1824, ẹ̀wà sísè ni a ń gún, tí a sì ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dín bí àkàrà pẹlẹbẹ. Ẹ̀wà kan náà ni, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. A kò lè pè é ní àkàrà kìkì nítorí pé ó jọ ọ́.

Ohun kan hàn kedere nínú àkàrà: afẹ́fẹ́ tí a pò mọ́ ọn ni ó mú un wú, kò nílò ẹyin rárá. Edé tí àwọn ará Bahia ń fi sí inú acarajé jẹ́ àfikún. Bákan náà ni mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje nílé: orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀mí méje yẹn ni a fi kún mọ́ínmọ́ín tí ó ti pé tẹ́lẹ̀. Ó sì tún jẹ́wọ́ pé lójú Yorùbá, ẹyin, ẹran àti ẹja jẹ́ àmì ọrọ̀. Ẹni tí ó bá ní Yorùbá àtijọ́ kò fẹ́ràn ẹran kò sọ òótọ́.

Yíyàn Ìran Kọ̀ọ̀kan

George Washington Carver dé Tuskegee ní Alabama ní 1896. Ó rí i pé òwú ti jẹ ilẹ̀ run, àwọn àgbẹ̀ adúláwọ̀ sì wà nínú gbèsè. Ó gbà wọ́n níyànjú láti gbin ẹ̀wà àti ẹ̀pà, tí ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Ní 1908 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí bí a ṣe ń se ẹ̀wà. Ní 1916, òmíràn tí ó ní ọ̀nà 105 láti lo ẹ̀pà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayédèrú adìẹ, tí a fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ọ̀dùnkún ṣe. Ẹyin wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe vegan bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ náà lónìí. Ohun tí Carver ń wá ni oúnjẹ aṣaralóore fún ẹni tí kò lówó ẹran.

Ní àwọn ọdún 1960 ni orúkọ náà, soul food, gbajúmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìyangàn. Ní àkókò kan náà ni Elijah Muhammad, olórí Nation of Islam, tẹ How to Eat to Live jáde ní 1967. Ó ka ẹran ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀, kò sì dúró níbẹ̀: ó tún kọ ẹ̀wà olójú dúdú, ẹ̀fọ́ collard àti ọ̀dùnkún, nítorí ó kà wọ́n sí oúnjẹ ìgbà ẹrú. Ẹ̀wà funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní navy bean ni ó fọwọ́ sí. Dick Gregory, apanilẹ́rìn-ín àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn, gba ọ̀nà mìíràn. Ìlànà àìlo ipá ni ó mú un dẹ́kun ẹran jíjẹ. Ó sì kọ ìwé lórí oúnjẹ ní 1973. Ní 2009, Bryant Terry, ọmọ Memphis, tẹ Vegan Soul Kitchen jáde, ó sì dá ẹ̀fọ́ collard padà sí àárín tábìlì. Oúnjẹ tí Muhammad kà sí ẹ̀rí ìsìnrú ni Terry gbà bí ogún.

Nínú Ilé Ìdáná Wa

Ẹni tí ó fẹ́ sè é nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: iṣẹ́ wo ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ń ṣe nínú ìkòkò? Iyọ̀, ọ̀rá, èéfín àti adùn ìjìnlẹ̀ ni ó ń mú wá. Òróró yóò rọ́pò ọ̀rá. Ata gbígbẹ tí a fi èéfín yan yóò mú òórùn èéfín wá. Olú tí a yan dáadáa yóò fún eyín ní ohun tí yóò jẹ. Fún adùn ìjìnlẹ̀, irú wà ní àrọ́wọ́tó wa. Irúgbìn ni òun náà, purotéènì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí kan sínú ẹ̀fọ́ collard, ẹ jẹ́ kí ó hó pẹ̀sẹ̀ títí ewé yóò fi rọ̀, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù.

Tofu, tí wọ́n ń tà nílé bí wàrà sóyà, dára lẹ́yìn tí a bá fún omi rẹ̀ dànù, tí a yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo elérò ata, tí a sì dín in. Ní ti àkàrà, omi àpọ̀jù nínú ẹ̀rọ ìlọta ni ó sábà ń bà á jẹ́ lókè òkun. Ẹ lọ̀ ọ́ kí ó ki, ẹ pò ó títí yóò fi fúyẹ́, kí iyọ̀ sì kẹ́yìn.

Àgbálọgbábọ̀

Bí àríyànjiyàn ọjọ́ ọdún tuntun bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àgbà tí ó fi ẹran sínú ẹ̀wà kò ṣàṣìṣe nípa ìtàn: àwọn ìyá tí kò ní púpọ̀ fi ìwọ̀nba ẹran yẹn mú oúnjẹ dùn fún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀dọ́ tí ó yọ ẹran kúrò kò sọ ogún nù, nítorí ẹ̀wà ṣì wà nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n kí ó má pè é ní ìpadàsí Áfíríkà tí kò ní àbùkù. Yíyàn tirẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí Carver, Muhammad, Gregory àti Terry ti ṣe yíyàn tiwọn. Ohun tí a lè bi í ni bóyá ó mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà náà, bí a ṣe ń bó o, tí a sì ń pò ó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí àgbà tí ó wà nídìí tábìlì dìde, kí ó sì kọ́ ọ.