Olúorogbo, Ọmọ Mọrèmi

Akọni ni gbogbo ayé ń pe Mọrèmi Ilé-Ifẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní àgbàlá wa ní Ìdó-Èkìtì, nígbà tí Yèyé àgbà bá ń sọ ìtàn náà fún wa lálẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù. Olúorogbo lọmọ náà ń jẹ́. Òun nìkan ni Mọrèmi bí.

Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn yìí sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìran Yorùbá, èyí tó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn ará Ìgbò, tí kì í ṣe Ìgbò ti ìlà-oòrùn, a máa ya wọ Ilé-Ifẹ̀, wọ́n á fi koríko àti ìko bo ara látòkè délẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ á rò pé iwin ni, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ, àwọn ará Ìgbò á sì kó wọn lẹ́rù, kó wọn lẹ́rú. Mọrèmi wá lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun. Ó di aya ọba wọn, ó rí gbogbo àṣírí wọn, ó sá wálé. Ohun tó wí kò gùn: ẹ tan ògùṣọ̀, kí ẹ fi ti ìko yẹn. Ifẹ̀ ṣẹ́gun. Mọrèmi kó àgùntàn, ewúrẹ́ àti akọ màlúù lọ sétí odò láti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀, odò kò gbà wọ́n. Olúorogbo ló fẹ́, Mọrèmi sì fi í fún un.

Mo máa ń rò ó, kí ló dé tí àwọn ìyá Èkìtì fi di ìtàn Ifẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀? Lóòótọ́, Ifẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọba wa tọ́ka sí bí orírun wọn. Ṣùgbọ́n ogun ló jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára, lójú tèmi. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń jẹ gàba lé ìlú Èkìtì lórí, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, títí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí fi dìde, tí Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà sì wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ogun náà, Kírìjì, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ká. Ẹni tí wọ́n ti mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nígbà yẹn, báwo ni yóò ṣe gbọ́ nípa obìnrin tó bọ́ lóko ẹrú tó sì wálé, tí kò ní sunkún?

Johnson ní Olúorogbo kò kú tán: ó jí, ó fi koríko ṣe okùn, ó gùn ún lọ sọ́run. Yèyé kò sọ èyí fún wa rí. Lẹ́nu tirẹ̀, ọmọ lọ, gbogbo Ifẹ̀ sì wí fún Mọrèmi pé àwọn di ọmọ rẹ̀ títí ayé.

Irú ìtàn ìyá àti ọmọ yìí ti wọ inú àwòrán tó ń rìn báyìí. Àwọn ará Jàpáànù ṣe Witchblade ní 2006: Masane ń jà nítorí Rihoko, ọmọbìnrin tí kì í ṣe òun ló bí i, ohun ìjà tó ń lò sì ń jẹ ẹ́ run títí ó fi kú. Níbẹ̀, ìyá ló san gbèsè. Ti ilé wa náà dé ní oṣù kẹrin 2025: Iyanu, láti inú ìwé alàwòrán Roye Okupe. Ọmọ òrukàn ni Iyanu, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olórí ló tọ́ ọ dàgbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní 2016, wọ́n gbé ère Mọrèmi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42 dúró ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó àti ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọmọ tó san gbèsè ogun náà ni a kì í sábà dárúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán bí èyí, bí ẹ bá dé orí Mọrèmi, ẹ má fi iná àti ìko nìkan dá wa lára yá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ Olúorogbo kó tó dé etí odò.