Ilẹ̀kùn Ààfin Ògògà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láyé àtijọ́, láti Ìkọ̀lé títí dé Ìkẹ́rẹ́, kò sí ilé tí a lè fi wé ààfin ní ilẹ̀ Èkìtì. Ilé mẹ̀kúnnù náà ní ògiri amọ̀ àti àgbàlá. Ṣùgbọ́n àgbàlá ààfin pọ̀, ó sì fẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà a sì máa fín òpó àti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí i. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó tadétadé ní apá òsì, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, wọ́n gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀, Captain Ambrose, bọ̀. Ẹ kíyè sí i: ọba jókòó, àlejò ni ó ń bọ̀ wá bá a. Kí ènìyàn tó wọlé ni ilẹ̀kùn ti sọ ẹni tí ó ni ilé fún un.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wu àwọn ará British Museum. Ògògà sì gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí kò tíì padà wálé. Òpó kan láti ààfin kan náà wà ní Chicago.

Ogun ni wọ́n fi kó ẹrù ààfin Ìbìní ní 1897. Ti Ìkẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni, ìdí nìyí tí ẹjọ́ rẹ̀ fi ṣòro dá. Síbẹ̀, ọba kan ń lọ, òmíràn ń jẹ. Ìlú ni ó ni ààfin. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìtẹ́ ń gbà. Gbogbo ìlú ni ilẹ̀kùn ń sọ̀rọ̀ fún.

Nítorí náà, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ọ̀wọ̀ tọ Elékọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ àti Olójùdó lọ, kí a béèrè orúkọ àti ìtàn òpó, ilẹ̀kùn àti àgbàlá tí ó kù ní ààfin wọn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ìlú kò mọ ìtàn rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìlú.