Ta Ló Ṣe É? Wàhálà àti Èrè Ẹni Tó Ń Kọ Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Yorùbá

Nígbà tí àwa mélòó kan pinnu láti jọ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, ojú ìwé kejì la ti há. A fẹ́ kí aládùúgbò kan sọ fún ọlọ́pàá pé òun rí ẹnì kan tó ń jáde nílé olóògbé lóru. Bí a bá kọ "ó jáde," òǹkàwé á ti fura pé ẹni náà kì í ṣe àgbà lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí a bá kọ "wọ́n jáde," ó lè jẹ́ bàbá arúgbó kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ olè mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wa padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa, ká lè mọ ohun tó ná wọn àti èrè tí wọ́n rí níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àdììtú ti wọ inú ìtàn àròsọ Yorùbá. Láti 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, tó ní àìsàn ti fẹ́ gba ẹ̀mí òun, tó sì ń jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí òun ti fi ayé ṣe. Àwọn òǹkàwé náà ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nítorí rẹ̀. Àṣé Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Èrè kan rèé tí kì í ṣe owó: kí ènìyàn gba ìtàn rẹ gbọ́ débi pé kò ní rántí pé ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́.

Ní 1938, D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sì tẹ̀ lé e wọ inú igbó. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le, olùrànlọ́wọ́ lè ti ayé mìíràn yọ. Ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò lè gba ọ̀nà yẹn. Bí babaláwo bá dárúkọ apààyàn lójú ìwé kẹta, ìwé ti parí lójú ìwé kẹrin. Inú ẹ̀rí ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wá, kí ẹ̀rí náà sì ti wà níwájú òǹkàwé láti ọjọ́ yìí láìjẹ́ pé ó rí i. Wàhálà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí ní 1929, tó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́, fi Àjà Ló Lẹrù ṣí ọ̀nà ní 1969. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ló ń lé ọ̀daràn kiri, òun àti Tàfá Ìgírípá. Ní 1971 yìí kan náà ni Kọ́lá Akínlàdé gbé Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? jáde. Owó Ẹ̀jẹ̀, níbi tí Akin Olúṣínà ti ń tọpinpin, dé ní 1976. Ọwọ́ àwọn méjèèjì kò jọra. Akínlàdé a máa bi wá pé ta ló ṣe é. Ti Òkédìjí ni pé báwo la ó ṣe mú un, ta ni yóò sì kú kí a tó mú un.

Ìgbà tí àwọn ìwé wọ̀nyí jáde kì í ṣe ìgbà ìrọ̀rùn. Ogun abẹ́lé ń jà láti 1967 títí di 1970. Àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí ní agbègbè Ìbàdàn ní 1968 àti 1969. Ní 1970, ìjọba ológun ṣe òfin pé ikú ni fún adigunjalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ́lá Oyènúsì ní Bar Beach l'Ékòó lójú ogunlọ́gọ̀ èrò. Kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ sọ tí ìwé ìròyìn kò tíì sọ? Lójú tiwa, ohun tí ó lè fi kún un ni ìbéèrè tó létò. Òpin ọ̀rọ̀ ni èrò rí létíkun. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń mú wa padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì tún gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ fún wa: kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá?

Èdè wa náà ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ yìí. "Ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà apààyàn lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé ìparí láìjẹ́ pé a mọ èyí tó jẹ́. A sì lè sọ pé "wọ́n pa á" láìnàka sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èdè tó ń bo àṣírí yìí náà ló ń tú u: bí ẹlẹ́rìí bá ti kí ènìyàn tàbí tó bọ̀wọ̀ fún un nínú ọ̀rọ̀, ó ti sọ ipò rẹ̀ fún wa.

Ní ti owó, ilé ẹ̀kọ́ ni ọjà ìwé Yorùbá gbára lé jù. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ olè, ìpànìyàn àti panṣágà lọ́nà tí olùkọ́ lè fi kà á sókè ní kíláàsì láìsọ orí kodò. Èrè rẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n fún ní orí kan péré ṣe iṣẹ́ àmúrelé, tó wá fi iná tọ́ọ̀ṣì ka ìwé náà tán lóru ọjọ́ kan.

Òkédìjí jáde láyé ní 2019. Ẹ̀dà Àjà Ló Lẹrù kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, fọ́tòkọ́pì sì ni, kò ní ojú ìwé méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ṣáájú wa, bí ojúlówó bá wà nínú àpótí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí i kà. Ní ti ìtàn tiwa, "wọ́n jáde" la kọ. Kí ẹ̀yin òǹkàwé máa wádìí iye tí wọ́n jẹ́.