James Black àti Oògùn Tí Ó Dí Ìsun Ásíìdì Inú

Ìtàn oògùn kan ni mo gbé wá síwájú yín, àti ti ọkùnrin tí ó ronú kàn án. James Black ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Scotland, tí a bí ní ọdún 1924. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ojú ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú ń rí ṣáájú àkókò náà.

Ní ọdún 1910 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Karl Schwarz sọ pé níbi tí kò bá sí ásíìdì, ọgbẹ́ kò lè sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí di òfin fún àwọn oníṣègùn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọn a ní kí aláìsàn máa mu mílíìkì àti oògùn oníyẹ̀fun tí ń pa kíkan ásíìdì. Bí èyí kò bá ràn án, wọn a là á níkùn, wọn a gé lára àpò oúnjẹ rẹ̀, tàbí kí wọ́n gé iṣan tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá síbẹ̀. Àwọn mìíràn kò dìde lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí ó sì dìde, ẹlòmíràn nínú wọn kò tún lè jẹun bí ènìyàn mọ́.

Leon Popielski, ará Poland, ti fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1920 pé histamine, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, a máa mú kí ásíìdì sun nínú ajá. Nígbà tí ó yá, a rí àwọn oògùn tí ń dá histamine dúró ní imú àti ní awọ ara, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò ká ásíìdì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ibẹ̀ gan-an ni Black ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣe propranolol, oògùn ọkàn, ṣáájú èyí, ó sì mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan lè ṣí àgádágodo méjì tí kò jọra. Èrò rẹ̀ ni pé àgádágodo histamine ti inú ikùn yàtọ̀ sí ti imú, àti pé a lè rọ kọ́kọ́rọ́ tí yóò wọ inú rẹ̀ tí kò ní ṣí i, tí yóò kàn dí ihò náà.

Ní ọdún 1964 ni ó wọ ilé iṣẹ́ Smith Kline & French ní Welwyn Garden City, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọdún mẹ́rin, òun, Robin Ganellin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe nǹkan bí 200 èròjà, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé a kì í sábà kọ irú ọdún bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìtàn. Lẹ́yìn náà ni burimamide dé, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e mì, ara kò gbà á dáadáa. Metiamide tẹ̀ lé e. Ó wo ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó dín ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn aláìsàn díẹ̀ kù, wọ́n sì pa á tì. Cimetidine ni ó yege, ó sì dé ọjà Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1976. Black ti kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1973 lọ sí University College London.

Oògùn yìí pa owó tí ó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún kan. Ó wo ọgbẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọgbẹ́ tún ti ń yọ kí ọdún tó yí po. Àrùn tí ń padà wá kì í ba ẹni tí ń ta oògùn rẹ̀ nínú jẹ́.

Ní ọdún 1982, ní Perth ní ilẹ̀ Australia, Barry Marshall àti Robin Warren rí kòkòrò tí ń gbé inú ikùn àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ní ọdún 1984 Marshall mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ sì wú. Àwọn kan ní èyí ti sọ iṣẹ́ Black di asán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Black béèrè ohun tí ń mú ásíìdì sun. Àwọn ará Perth béèrè ohun tí ń ba ògiri inú jẹ́. Oògùn tí ń pa kòkòrò kì í dá ṣiṣẹ́ náà títí di òní: a ń fi èyí tí ń dín ásíìdì kù kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú omeprazole ti gba ipò cimetidine. Ọgbẹ́ tí aspirin ń dá sínú pàápàá kò nílò kòkòrò kankan.

Black gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988 pẹ̀lú Gertrude Elion àti George Hitchings. Marshall àti Warren gba tiwọn ní ọdún 2005, Black ṣì wà láàyè, ọdún márùn-ún ṣáájú ikú rẹ̀.