Ìtàn Háífìn, Ìlà Kékeré Tó Ń So Ọ̀rọ̀ Pọ̀

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkọ lọ́sẹ̀ yìí, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ̀wé sí àwọn tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí wa. Háífìn ni mo mú, ìlà kékeré tó máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ má fojú kéré ẹ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ni orúkọ ẹ̀ ti wá. Nígbà yẹn, wọn kì í fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀. Ṣe ni lẹ́tà máa ń tò tẹ̀ léra gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn, ẹni tó ń kà á ló máa fúnra ẹ̀ wá ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí. Níbi tó bá ti lè ṣi èèyàn lọ́nà, àwọn onímọ̀ èdè wọn á fa ìlà tó tẹ̀ bí ọrun sábẹ́ àwọn lẹ́tà náà, kí òǹkàwé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ò ju pé kí á kà wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1455, Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì ní ìlú Mainz, ní Jámánì. Lẹ́tà onírin ló ń tò sínú férémù, ó sì fẹ́ kí etí ọ̀tún ojú ìwé gún régé bíi ti òsì. Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá wọ ìlà tán, á gé e sí méjì. Ìlà kéékèèké méjì tó dagun ló ń fi síbi tó ti gé e, kí èèyàn mọ̀ pé ìyókù wà nísàlẹ̀.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, háífìn dà bí ìgbà tí ọkùnrin àti obìnrin ṣì ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, háífìn á so wọ́n, nígbà tó bá yá wọ́n á di ọ̀kan. "To-day" àti "to-morrow" ni wọ́n ń kọ títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìlú New York pàápàá, "New-York" ni ìwé ìròyìn The New York Times ń kọ ọ́ títí di 1896. Nígbà tó di 2007, ìwé atúmọ̀ èdè Shorter Oxford yọ háífìn kúrò lára ọ̀rọ̀ bí 16,000. "Ice-cream" pín sí méjì, "bumble-bee" di ẹyọ kan. Olóòtú wọn ní kò dá àwọn èèyàn lójú mọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n ti lò ó.

Ibi tó wá kan àwa tá a wà nílẹ̀ onílẹ̀ rèé. Lọ́dún 1915, nígbà tí ogun ń jà ní Yúróòpù, Theodore Roosevelt, tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, dìde ní New York, ó ní kò sáyè fún ọmọ Amẹ́ríkà oníháífìn. Àwọn tó ń pe ara wọn ní "German-American" àti "Irish-American" ló ń bá wí. Ohun tí wọ́n ń bi wọ́n ni pé, apá ibo lọkàn yín wà? Nígbà tí Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ wọ ogun ní 1917, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló pa ẹ̀kọ́ èdè Jámánì tì. Lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press sọ pé àwọn ò ní fi háífìn sáàárín "African American" mọ́, torí ó ń dà bíi pé wọn kì í ṣe ọmọ ìlú tán.

Èmi ò rí i bíi ti Roosevelt. Àti ọ̀dọ̀ Gíríìkì, iṣẹ́ ìsopọ̀ ni háífìn ń ṣe. Ẹni tó bímọ sí Sabon Gari, tó ń sanwó ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, tó sì ń fowó ránṣẹ́ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó tan mọ́ ibi méjèèjì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kó gé ọ̀kan dànù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́jà. Ẹ wo ìwé tí ọ̀kan nínú wa fi ránṣẹ́ pé òun ń fẹ́ òróró ẹ̀pà: "twenty five litre kegs". Kí ló ń fẹ́? "Twenty five-litre kegs" jẹ́ ogún kẹ́ẹ̀gì oní-lítà márùn-ún, ìyẹn ọgọ́rùn-ún lítà. "Twenty-five litre kegs" jẹ́ kẹ́ẹ̀gì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oní-lítà kọ̀ọ̀kan. "Twenty-five-litre kegs" jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oní-lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò tiẹ̀ sọ iye tó fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!

Ẹ mú mẹ́rin yìí lọ. Nọ́ńbà láti "twenty-one" dé "ninety-nine" ń gba háífìn. Tí ọ̀rọ̀ méjì bá pawọ́ pọ̀ ṣàpèjúwe nǹkan tó tẹ̀ lé wọn, ẹ so wọ́n: "a five-litre keg". Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn nǹkan náà lẹ sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀: "the keg holds five litres". Èyí tó parí sí "-ly" ò nílò ẹ̀: "a newly painted shop". Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé àdéhùn: "re-sign" ni kẹ́ ẹ tún un fọwọ́ sí, "resign" ni kẹ́ ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Tó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ tú u palẹ̀: "20 kegs, 5 litres each". Kò sẹ́ni tó máa ṣi ìyẹn kà. Ẹ fi ìbéèrè yín sílẹ̀, màá dáhùn tí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ire o.