Oúnjẹ Tí Kò Bá Ara Mu àti Iṣẹ́ Dietitian

"Oúnjẹ yìí kò bá mi lára mu" ni Yorùbá máa ń wí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta tí kò jọra ló wà lábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí. Àkọ́kọ́ ni àléjì gan-an: ara ka oúnjẹ sí ọ̀tá, ó sì gbógun tì í. Ẹni tó ní àléjì ẹ̀pà lè jẹ horo kan péré kí ètè rẹ̀ wú, kí ọ̀fun rẹ̀ dí, kí ó sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí wọn kò bá tètè gún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline. Èkejì ni àìsàn celiac, níbi tí gluten inú àlìkámà ti ń mú kí ara máa ba ìfun ara rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù, òun ni oúnjẹ tí kì í dà tán nínú ènìyàn: inú á wú, á máa kùn, ìgbẹ́ á ṣàn, ojú á sì máa ti ẹni tó wà láàárín èrò, ṣùgbọ́n kò ní pa á. Òṣùwọ̀n ló ya ẹ̀kẹta yìí sọ́tọ̀. Aláléjì kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ohun tó ń bá a jà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní celiac. Ẹni tí oúnjẹ kì í dà tán nínú rẹ̀ sábà máa ń lè jẹ ìwọ̀nba láìsí wàhálà. Nítorí òṣùwọ̀n yìí ni iṣẹ́ dietitian, ìyẹn onímọ̀ oúnjẹ tó ń tọ́jú aláìsàn, fi yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni tí yóò ka oúnjẹ léèwọ̀ fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé dídá oúnjẹ padà sórí àwo gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Mílíìkì ló fi èyí hàn jù, ara Yorùbá gan-an ni wọ́n sì ti wádìí rẹ̀. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tó ń jẹ́ lactose. Ìfun ọmọ ọwọ́ ní èròjà lactase tó ń gé ṣúgà náà sí wẹ́wẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbà á. Bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, lactase á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà tí kò rí ẹni gé e á sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé níbẹ̀ á sì sọ ọ́ di gáàsì. Ní 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti, ìyẹn dókítà ọmọdé tó wá di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà ní 1985, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Fúlàní jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet. Àgbàlagbà Yorùbá àti Ìgbò tí lactose ń dà nínú wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó pọ̀ láàárín àwọn Fúlàní darandaran. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìdílé ní 1975 fi hàn pé àjogúnbá ni. Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn. Bí ìfun ọ̀pọ̀ àgbà wa ṣe rí nìyẹn, ti Fúlàní ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Síbẹ̀ Yorùbá ń jẹ wàrà. (Ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń lò fún mílíìkì àti fún èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní fi omi bọmubọmu mú dì, ó sì dà bíi pé èyí tó dì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn.) Bí wàrà bá ti dì tí wọ́n sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ọ̀pọ̀ lactose ti bá omi lọ. Nínú nónò àti yúgọ́ọ̀tì, àwọn kòkòrò tó mú un kan ti jẹ lára ṣúgà náà kí ó tó dé ẹnu wa. Mílíìkì tútù pàápàá, ọ̀pọ̀ ẹni tí lactose kì í dà nínú wọn lè gba nǹkan bíi gíráàmù 12 lactose lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn èyí tó wà nínú ife mílíìkì kan, pàápàá bí wọ́n bá mu ún mọ́ oúnjẹ. Ẹni tó wá tìtorí inú kíkùn sá fún wàrà, yúgọ́ọ̀tì àti ṣíbí mílíìkì inú ògì, ó ti da kálísíọ́ọ̀mù inú wọn dànù lásán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ó ní ṣúgà bíi raffinose àti stachyose, tí ìfun ènìyàn kankan, dúdú tàbí funfun, kò ní èròjà tí yóò gé e. Rírẹ ẹ̀wà, bíbó èèpo rẹ̀ àti dída omi rẹ̀ nù máa ń ṣan díẹ̀ lára wọn lọ, nítorí náà mọ́ínmọ́ín lè rọrùn fún inú tí ẹ̀wà sísè ń dà láàmú. Fructan ni ti àlùbọ́sà. Omi ń yọ́ ọ, òróró kì í yọ́ ọ. Bí a bá dín àlùbọ́sà nínú òróró tí a sì ṣa á kúrò, òórùn rẹ̀ á kù, fructan á ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti hó nínú ọbẹ̀, ṣíṣà á kúrò kò wúlò mọ́. Yunifásítì Monash ní Melbourne ló kó irú àwọn ṣúgà wọ̀nyí pọ̀ sábẹ́ orúkọ FODMAP, ọ̀nà tí wọ́n sì là sílẹ̀ ní ìpele mẹ́ta: kí ènìyàn dín wọn kù fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, kí ó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń bá a jà àti ìwọ̀n tó lè gbà, kí ó sì wá fi ìyókù jẹun ní àlàáfíà. Ìpele kìíní nìkan ni ọ̀pọ̀ ń ṣe nílé, wọn á sì dúró síbẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ara ènìyàn ju onítọ̀hún lọ, pé àwọn àgbà kò rí dietitian kí wọ́n tó mọ ohun tí kò bá wọn mu. Òótọ́ ni pé ara kì í purọ́ nípa ìrora. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a ó mú fún un ni a sábà máa ń ṣì mú. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Monash kó ènìyàn 37 jọ tí wọ́n gbà pé gluten ló ń da inú wọn láàmú. Wọ́n kọ́kọ́ yọ FODMAP kúrò nínú oúnjẹ wọn, inú wọn sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fún wọn ní gluten láìjẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí àwọn ń jẹ ẹ́, kò sì sí ìyàtọ̀ tó ṣe é tọ́ka sí. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tó jáde ní 2018 láti Norway, lórí ènìyàn 59, fructan ló dá inú wọn láàmú ju gluten lọ. Inú búrẹ́dì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ta ló máa fi ahọ́n mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Ìpalára tún wà nínú kí ènìyàn dá oúnjẹ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wá celiac, ohun tí ara ń ṣe láti bá gluten jà ni wọ́n sì ń wò nínú rẹ̀. Ẹni tó ti pa búrẹ́dì, sẹ́mó àti pọfpọ́ọ̀fù tì fún oṣù mélòó kan kí ó tó dé ilé ìwòsàn lè gba èsì pé kò ní àìsàn tó ní. Ti ọmọdé tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ní kí àwọn òbí má fún ọmọ tí àléjì lè mú ní ẹ̀pà. Gideon Lack àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London wá fi ọmọ ọwọ́ 640 ṣe ìwádìí LEAP. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2015, nínú àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà láti kékeré, àléjì rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dínkù sí ti àwọn tí wọ́n fi í pamọ́ fún. Lábẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ṣe é o, wọ́n sì yẹ ara àwọn ọmọ náà wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ti àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ IgG tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò to oúnjẹ ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ kí ó sì kun ìdajì rẹ̀ ní pupa, ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kúrú. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà àléjì ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Kánádà ti kọ̀ ọ́. IgG ń fi hàn pé ènìyàn ti jẹ nǹkan náà rí, kò fi hàn pé ó ń bá a jà. Ohun tí ènìyàn ń jẹ jù ni yóò sì sábà pupa jù.

Ní ti wíwá dietitian, orúkọ ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin dáàbò bo orúkọ náà: ẹni tí kò bá sí nínú ìwé àjọ HCPC kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni sì lè wo ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin kò dáàbò bo orúkọ nutritionist bẹ́ẹ̀. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ló lè kọ ìwé tí yóò gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dietitian NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, RD tàbí RDN ni kí a wò lẹ́yìn orúkọ. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn ni ká ti béèrè, nípasẹ̀ dókítà, nítorí ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó ń rù láìnídìí, tàbí tí inú rírun ń jí lóru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà ná.

Wọ́n á ní dietitian kò pọ̀, owó rẹ̀ kò kéré, àti pé ìwé atọ́nà wọn kò mọ láfún tàbí ẹ̀kọ. Ẹ̀sùn yìí ní òótọ́ nínú, ìwé kékeré kan ló sì ń dín in kù: kí ènìyàn kọ ohun tó jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ̀n rẹ̀, bí wọ́n ṣe sè é, àti wákàtí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Dietitian tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é, ṣé wọ́n rẹ ẹ́, ṣé wọ́n bó o, ṣé ó kan kí wọ́n tó sè é, á sì fi èyí yanjú rẹ̀ láìnílò kí láfún wà nínú ìwé kankan. Bí dietitian bá wá sọ pé kí ènìyàn dá nǹkan dúró, ohun tó yẹ kí onítọ̀hún bi í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni pé ọjọ́ wo ni òun yóò tún tọ́ ọ wò, àti ṣíbí mélòó ni òun yóò fi bẹ̀rẹ̀.