Orogún Méjì ní Pápá Belfast

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wádìí ìtàn ìlú kò gbọdọ̀ fojú rénà pápá eré. Ní Belfast, ní àríwá Ireland, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ni ó pọ̀ jù lẹ́yìn ẹgbẹ́ Belfast Celtic. Pùròtẹ́sítáǹtì ni ó wà lẹ́yìn Linfield. Ìjà orogún yìí gan-an ni ó ń kó èrò wá sí pápá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1948, wọ́n ta ọ̀mì 1–1 ní Windsor Park, ilé Linfield. Bí eré ti parí ni àwọn òǹwòran ya wọ pápá, tí wọ́n sì ṣẹ́ Jimmy Jones, agbábọ́ọ̀lù Celtic, lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì ni Jones fúnra rẹ̀! Ní 1949, Celtic yọwọ́ nínú líìgì. Wọn kò padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn kan a máa di gbogbo ẹ̀bi bí èrò ṣe dínkù ní pápá Ireland ru ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, tí ó gbé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ilé. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ó tán síbẹ̀: kí ẹ̀rọ náà tó wọ́pọ̀ ni Linfield ti pàdánù orogún rẹ̀, tí àwọn ará Celtic kò sì ní ẹgbẹ́ tí wọn yóò lọ wò mọ́. Ilé ìtajà ni ó wà lórí ilẹ̀ pápá Celtic lónìí.